Ọtí Kọ́ Ni Ó Gbé Ọwọ́ Sókè
(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé ọdọọdún Ẹgbẹ́ Ìtẹ̀síwájú wa, ní ọjọ́ kejì Kérésìmesì)

  Àwọn tí wọn kò lè wá, ìwé yìí ni yóò jẹ́ iṣẹ́ wa fún wọn.

Ní ọdọọdún ni a máa ń dúró níwájú yín láti sọ̀rọ̀ nípa ọ̀nà, omi ẹ̀rọ, ilé-ìwé àti ọjà. Ní ọdún yìí Ìgbìmọ̀ ní kí a sọ̀rọ̀ nípa ohun tí ó wà nínú yàrá, èyí tí owó ìdáwó nìkan kò lè tún ṣe, èyíinì ni ọtí àti lílu aya. Inú àwọn kan láàrin wa kò dùn sí i. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ tọkọtaya kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwùjọ, pé ẹni tí ó bá dá sí i ni ojú yóò tì. A gbọ́ ohun tí wọ́n wí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a sọ bí ọ̀rọ̀ náà ti ṣe di tiwa.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, obìnrin kan nínú ìlú wa tọ̀ wá wá. A kì yóò dárúkọ rẹ̀, a kì yóò sì dárúkọ àdúgbò rẹ̀. Ọmọ Ẹgbẹ́ yìí ni ọkọ rẹ̀, ọkùnrin tí ń san owó ẹgbẹ́ déédé, tí kì í pẹ́ dé ìpàdé. Ní ọjọ́ tí obìnrin náà kọ́kọ́ wá, ojú rẹ̀ kan ti wú tó bẹ́ẹ̀ tí kò lè là á. A ránṣẹ́ pe ọkọ. Ó dé, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ní, “Ẹ má bínú, ẹ̀yin bàbá mi, ọtí ni.” Ọ̀kan nínú wa rẹ́rìn-ín, ó ní ahọ́n àti ẹnu pàápàá máa ń jà. A bá ọkọ wí díẹ̀, a bá aya wí jù ú lọ: a ní kí ó máa tètè se oúnjẹ alẹ́, kí ó má sì máa dá ọ̀mùtí lóhùn. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wa, ó sì padà sílé.

Ní alẹ́ ọjọ́ ọdún ìjẹṣu ni ó tún wá. Ọkọ tún ní ọtí ni. Ní ọjọ́ náà a fi ojú le koko mú un, a mú kí ó búra pé òun kì yóò fẹnu kan ọtí mọ́. Nígbà tí ó sì búra tán, a ṣí ìgò sínáàpù kan, a fi wúre fún tọkọtaya náà, a sì gbé ife lé gbogbo ènìyàn lọ́wọ́, títí kan ọkọ. A kò rí ohun tí ó burú nínú èyí ní ọjọ́ náà. Ó pẹ́ kí ojú tó bẹ̀rẹ̀ sí tì wá.

Ní ìgbà kẹta, kì í ṣe ẹsẹ̀ rẹ̀ ni ó fi wá. Àwọn aládùúgbò ni wọ́n gbé e wá, apá rẹ̀ ọ̀tún ti ṣẹ́ ní ojú méjì. Ilé baba rẹ̀ ni ó wà di òní, àwọn kan sì ń pè é ní dálémosú. Egungun náà so, ṣùgbọ́n kò so dáradára. Kò lè gbé ọmọ odó. Ní Èkìtì, ẹ mọ ohun tí a wí nígbà tí a bá wí pé obìnrin kò lè gún iyán.

Nítorí èyí ni a fi wí pé ọ̀rọ̀ náà di tiwa. Ẹ̀ẹ̀mejì ni a gba “ọtí ni” gẹ́gẹ́ bí ìdáhùn. A kò béèrè ìbéèrè tí ó kàn.

Ẹ jẹ́ kí a dá ọtí láre níbi tí ó bá ti jàre. Ẹmu kì í ṣe àlejò ní ilẹ̀ wa. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni adẹ́mu ti ń gun ọ̀pẹ. Ẹmu àárọ̀ dùn, kò sì le. Bí oòrùn ti ń mú un ni ó ń kan, nígbà tí ó bá fi di àṣálẹ́ ó ti ní agbára. Àwọn baba wa fi tọrọ aya, wọ́n fi sin òkú, wọ́n fi parí ìjà. Síbẹ̀ wọ́n mọ ìwà rẹ̀. Nínú ìtàn tí a gbọ́ lẹ́nu wọn, ẹmu ni ó pa Ọbàtálá ní ọjọ́ tí a rán an wá dá ilẹ̀ ayé, tí ó fi sùn lọ, tí iṣẹ́ náà sì bọ́ sí Odùduwà lọ́wọ́. Láti ìgbà náà ni ẹmu ti di èèwọ̀ fún àwọn olùsìn rẹ̀. Ẹ kíyèsí i pé ìtàn náà kò dá Ọbàtálá láre nítorí pé ó mutí. Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì bọ́ bẹ́ẹ̀.

Ohun tí ó yí padà ni agbára ọtí, àti bí ó ti rọrùn tó láti rí i rà. Ọtí líle òyìnbó ti etí òkun wọlé. Owó orí rẹ̀ tilẹ̀ jẹ́ apá ńlá nínú owó tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi ń ṣàkóso Gúúsù Nàìjíríà, débi pé wọ́n yan ìgbìmọ̀ kan ní 1909 láti wádìí òwò náà. Ní 1919 àwọn ìjọba amúnisìn fọwọ́ sí àdéhùn kan ní Saint-Germain-en-Laye láti dáwọ́ ọtí líle olówó pọ́ọ́kú dúró ní ilẹ̀ Áfíríkà. Ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn wa kọ́ bí a ti ń se ẹmu di ògógóró nínú igbó. Òfin kà á léèwọ̀, ọlọ́pàá ń lé àwọn tí ń sè é kiri, kò sì tán. Ní 1949 ni bíà àkọ́kọ́ jáde láti ilé-iṣẹ́ Nigerian Breweries ní Èkó. Nígbà tí yóò fi di 1978, ilé ìpọntí ti dé Iléṣà, tí kò jìnnà sí Ẹ̀fọ̀n rárá. Àwọn tí ó dàgbà nínú wa rántí àkókò títa kòkó pẹ̀lú, nígbà tí owó odindi ọdún kan ń tán nílé ọtí kí owó ilé-ìwé ọmọ tó di sísan. Nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé àwọn ọmọ ìsinsìnyí ni ó dá àmupara sílẹ̀.

Ti ìsinsìnyí kàn burú ní ọ̀nà tirẹ̀ ni. Ọtí ti wà nínú ọ̀rá kékeré tí ó gba mílílítà 30, tí ọmọdé lè fi sí àpò ṣòkòtò. Ó wà ní gáréèjì, ó wà níbi tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń wa kùsà ní agbègbè Ìjerò, ó wà ní ìsọ̀ àwọn alágbo tí wọ́n ń pè é ní páráàgà àti ọpá-ẹ̀yìn. Nínú ìwọ̀n 100, ọtí gidi inú bíà jẹ́ bíi 5. Ti inú ọ̀rá lè jẹ́ 30 tàbí 40. Ọkùnrin tí ó mu ọ̀rá mẹ́rin tàbí márùn-ún lórí ìdúró kò mọ̀ pé òun ti mutí. Ó rò pé egbòogi ni. Ní 2022 ni àjọ NAFDAC dáwọ́ dúró láti máa fún ọtí inú ọ̀rá àti ti inú ìgò tí kò tó mílílítà 200 ní ìwé àṣẹ tuntun. Ní oṣù kejì ọdún 2024 ó bẹ̀rẹ̀ sí ti àwọn ibi tí a ti ń ṣe é, ariwo ta, a sì sún ọjọ́ náà síwájú. Ti ògógóró ayédèrú kò ní ṣe é fẹnu sọ tán. Ní oṣù kẹrin ọdún 2015, ní Òde-Ìrèlè ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, ọtí tí mẹ́tánọ́ọ̀lù wọ̀ pa ọ̀pọ̀ ènìyàn láàrin ọjọ́ díẹ̀, ojú sì ṣú àwọn mìíràn kí wọ́n tó kú.

Wàyí o, kí ni ọtí ń ṣe nínú orí ẹni? Àwọn onímọ̀ ìṣègùn wí pé apá iwájú ọpọlọ, èyí tí ń dá wa lẹ́kun tí ó sì ń bá wa ronú ọ̀la, ni ó ń mú lọ́ra. Nígbà náà, ohun tí ó wà lójú ẹsẹ̀ nìkan ni ọkùnrin ń rí. Bí aya bá béèrè owó oúnjẹ, èébú ni létí rẹ̀. Bí ó bá dákẹ́, ìgbéraga ni. Nítorí èyí ni ìyà ilé ọ̀mùtí fi máa ń pọ̀ jù, tí ọgbẹ́ rẹ̀ sì máa ń jìn jù. Owó tí ọtí jẹ tún ń di ìjà ní ọjọ́ kejì, nígbà tí ojú ti dá. A sì rí ìyàwó tí ìyà náà sọ di ẹni tí ń mu ọtí ní ìkọ̀kọ̀ kí ó lè rí oorun sùn; àwọn ènìyàn yóò wá fi ti obìnrin náà ṣe ẹ̀rí pé òun ni ó bí ọkọ nínú.

Ìwádìí ìjọba àpapọ̀ lórí ìlera àwọn ìdílé ní 2018 fi hàn pé nínú 100 obìnrin tí ó ti wọ ilé ọkọ rí ní Nàìjíríà, 36 ni ọkọ ti fi ìyà jẹ, yálà nípa lílù, tàbí nípa fífi ipá bá a lò pọ̀, tàbí nípa títẹ́ ẹ lógo. Ó fi hàn pẹ̀lú pé ìyà náà pọ̀ jọjọ ní ilé tí ọkọ ti ń mutí yó lemọ́lemọ́. Ó sì ju ìdajì àwọn obìnrin tí a lù lọ tí kò wá ìrànlọ́wọ́ lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni rí. Obìnrin tiwa wá lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Ṣùgbọ́n ibi tí ẹ ó ti gbọ́ wa dáadáa nìyí. Àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, à máa ríran. Ọkùnrin tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí yó kúrò nílé ọtí ní agogo mẹ́wàá alẹ́. Ó pàdé ọlọ́pàá lójú ọ̀nà, kò nà án. Ó pàdé ẹni tí ó jẹ lówó, ó kí i, ó sì yà fún un. Ó kọjá ní iwájú ilé olóyè, ó ṣí fìlà. Ó dé ilé, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì gbé ọwọ́ sókè. Ní ìgbà méjì àkọ́kọ́, ibi tí aṣọ yóò bò ni ó lù jù. Ṣé ọtí ni ó ti ilẹ̀kùn? Ọtí tú okùn, òótọ́ ni. Ohun tí a fi okùn náà so ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ohun náà ni èrò pé aya jẹ́ ohun ìní, pé ẹni tí ó san owó orí lè fi ọwọ́ tún un ṣe. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkùnrin ń mutí yó nínú ìlú yìí tí wọ́n ń wọlé, tí wọ́n ń kọrin, tí wọ́n ń sùn. A mọ̀ wọ́n. Àwọn kan jókòó síbí.

Ẹ tún wò ó láti apá kejì. Àwọn ará Ẹ̀fọ̀n mọ ohun tí ìsọjí 1930 ṣe ní ìlú wọn, nígbà tí ó ti Iléṣà tàn dé ọ̀dọ̀ wọn. Níbẹ̀ ni a sì sin Àpọ́sítélì Joseph Ayo Babalola sí ní 1959. Ìjọ Christ Apostolic ka ọtí léèwọ̀ fún àwọn ọmọ rẹ̀ títí di òní. Àwọn Mùsùlùmí wa pẹ̀lú kò gbọdọ̀ mu ún. Bí ó bá jẹ́ pé ọtí nìkan ni ń na obìnrin, a kò bá má gbọ́ igbe láti ilé ẹni tí kì í fẹnu kàn án. Ẹ bi àwọn pásítọ̀ àti àwọn àlùfáà wa ní ìkọ̀kọ̀, wọn yóò sọ fún yín bóyá bẹ́ẹ̀ ni ó rí.

Àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn ti gbìyànjú láti lé ọtí lọ pátápátá. Ní Amẹ́ríkà, ní 1874, àwọn obìnrin dá ẹgbẹ́ ńlá kan sílẹ̀ láti gbógun ti ọtí, nítorí pé òfin ìgbà náà kò fi ọ̀nà púpọ̀ sílẹ̀ fún aya ọ̀mùtí. Òfin ìdíwọ́ dé ní 1920, wọ́n sì pa á rẹ́ ní 1933, lẹ́yìn tí àwọn ìpàǹpá ti fi ọtí àfàyàwọ́ di olówó. Ní Gúúsù Áfíríkà, ní oṣù kẹta ọdún 2020, ìjọba dá títa ọtí dúró nígbà àrùn kòrónà. Àwọn tí a ń gbé dé ilé ìwòsàn pẹ̀lú ọgbẹ́ dínkù gidigidi, nígbà tí a sì ṣí ọjà ọtí padà ní oṣù kẹfà wọ́n tún pọ̀. Òótọ́ ni pé ìsémọ́lé wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Bí a bá wò ó, dídín ọtí kù ń dín ọgbẹ́ kù, ohun rere sì ni. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tí kò rí ọtí mu lónìí kò tí ì kọ́ bí a ti ń bọ̀wọ̀ fún aya.

Ní ti òfin, ó yẹ kí gbogbo ọmọ Ẹgbẹ́ mọ̀ pé “ọtí ni” kò jámọ́ nǹkan kan níwájú adájọ́. Ìwé òfin ìwà ọ̀daràn tí a gbà láti ayé òyìnbó ní 1916 ti wí ní orí 29 rẹ̀ pé àmupara kì í ṣe àwíjàre, àfi bí a bá fún ènìyàn ní ọtí láìmọ̀ tàbí tí orí rẹ̀ bá dàrú nítòótọ́. Ìpínlẹ̀ Èkìtì tìkára rẹ̀ ṣe òfin tí ó gbógun ti ìwà ipá bẹ́ẹ̀ ní 2011, ọdún mẹ́rin kí Àbújá tó ṣe tirẹ̀, a sì tún un ṣe ní 2019. Lábẹ́ òfin náà, aya lè lọ sí ilé ẹjọ́ láti gba àṣẹ ààbò, kí ọkọ má lè sún mọ́ ọn. Àwọn kan yóò sọ pé a kì í ti kóòtù dé ṣọ̀rẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ta ni ó sọ fún wa pé ọ̀rẹ́ ni wọ́n kí wọ́n tó lọ?

A ní ọ̀rọ̀ kan fún àwọn ọmọ wa ní ìlú òyìnbó, nítorí pé ẹjọ́ láti ọ̀hún náà ń dé ọ̀dọ̀ wa lórí tẹlifóònù ní ọ̀gànjọ́ òru. Iṣẹ́ alẹ́, òtútù, àìrí ará bá sọ̀rọ̀, àti ọtí tí ó wà ní gbogbo ìsọ̀: a mọ ohun tí ẹ ń là kọjá. Ṣùgbọ́n àwọn aya kan ń bẹ̀rù pé bí àwọn bá pe ọlọ́pàá, a ó dá àwọn padà sílé. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, aya tí ó wá bá ọkọ tí ó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ náà tàbí tí ó ní ìwé ìgbélé títí láé lè tọrọ ìwé ìgbélé fúnra rẹ̀ bí ìwà ipá bá tú ìgbéyàwó náà ká. Òfin 2021 wọn lórí ìwà ipá inú ilé kò mọ sí lílù nìkan. Fífi owó dè é mọ́lẹ̀ àti dídarí gbogbo ìrìn rẹ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Kí ẹ̀ka Ẹgbẹ́ wa ní London má ṣe máa sọ fún obìnrin pé kí ó kọ́kọ́ pe àgbà nílé. Àwa àgbà ilé ni ẹ ń gbọ́ ìtàn wa yìí.

Ọkùnrin tí ọtí ti di baraku fún, àìsàn ni ó ń ṣe é, a sì lè tọ́jú rẹ̀. Láti 1954 tí Dókítà Lambo ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Arò ní Abẹ́òkúta ni ilé ìwòsàn ọpọlọ kò ti jẹ́ ibi ìṣẹ́lẹ̀ ìtìjú mọ́. Nítòsí wa, ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ wà ní Ìdó-Èkìtì, ti ìpínlẹ̀ sì wà ní Adó. Ohun kan tí a kò mọ̀ tẹ́lẹ̀, tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀: ẹni tí ó ti ń mu ọtí púpọ̀ lójoojúmọ́ fún ọdún pípẹ́ kò gbọdọ̀ já a sílẹ̀ lójijì nínú ilé, nítorí gìrì lè gbé e, ó sì lè kú. Ìbúra tí a mú ọkùnrin náà bú ní ọjọ́ ọdún ìjẹṣu, bí ó bá pa á mọ́ nítòótọ́, bóyá ẹ̀mí rẹ̀ ni ìbá gbà. Dókítà ni kí ó máa bá a dín in kù. Ṣùgbọ́n ìtọ́jú ọtí kì í ṣe ìdáríjì ẹ̀ṣẹ̀ lílu aya. Ọ̀tọ̀ ni èyí, ọ̀tọ̀ ni ìyẹn, a kò sì gbọdọ̀ fi ọ̀kan san èkejì.

Ìgbìmọ̀ ti fohùn ṣọ̀kan pé láti ọdún yìí lọ, a kì yóò ṣí ìgò ọtí níbikíbi tí a bá ti ń gbọ́ ẹjọ́ tọkọtaya. Aya ni a ó kọ́kọ́ gbọ́, òun nìkan, ìyá méjì nínú Ẹgbẹ́ yóò sì jókòó tì í. Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni ibi tí yóò sùn ní alẹ́ ọjọ́ náà. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ti jáde tàbí tí egungun bá ṣẹ́, ẹjọ́ náà ti kọjá agbára wa, àgọ́ ọlọ́pàá ni a ó bá a lọ. A ti ya owó díẹ̀ sọ́tọ̀ fún owó ọkọ̀ àti owó ilé ìwòsàn. Ẹ̀ka Èkó ti fi tiwọn kún un, a ń retí ti àwọn yòókù. Ní ti pé kí a má ṣe fi ọtí ṣe àlejò níbi àpèjẹ ọdọọdún yìí, a kò tí ì fẹnu kò. Ẹ rí àwọn páálí tí ó wà lábẹ́ àtíbàbà níta.

A lọ bá obìnrin náà nílé baba rẹ̀ kí a tó kọ ọ̀rọ̀ yìí, a sì bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jẹ́ kí a sọ ìtàn rẹ̀ láìdárúkọ. Ó rò ó fún ìgbà díẹ̀. Ó ní òun gbà, ṣùgbọ́n kí a kọ ọ́ sínú ìwé pé ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni òun wá.